Ìgbésẹ̀ Díẹ̀ Lábẹ́ Pákó Òkú

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Mouhsine ṣe ń kó àwọn àlejò òyìnbó wọ inú odi ìlú àtijọ́ Fẹ́sì, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Abdelilah pè é lórí fóònù pé Lalla Zhor ti kú. Lalla Zhor ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin, òun ló sì tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Wọn kì í jẹ́ kí òkú mọ́jú nílẹ̀ ní Fẹ́sì. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, itẹ́ òkú ló kàn.

"Èmi pẹ̀lú ẹ la máa gbé iwájú pákó òkú o," Abdelilah wí. "Má pẹ́."

Mouhsine pe ọ̀gá rẹ̀ obìnrin pé kí wọ́n wá afinimọ̀nà mìíràn rọ́pò òun.

"Ta ni kí n rí mú? Gbogbo wọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá já àwọn èèyàn yẹn sílẹ̀, má wulẹ̀ padà wá. Má sì bá wọn sọ̀rọ̀ òkú o, fàájì ni wọ́n wá ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mouhsine dé egungun. Síbẹ̀, ká sòótọ́, ta ló lè fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọ̀nà tóóró Fẹ́sì lọ́ bí ìfun, arúgbó sì ni púpọ̀ nínú àwọn àlejò náà. Ó wá pinnu láti sáré parí, kó fà wọ́n lé awakọ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ibodè kí wọ́n tó pèrun. Ilé Si Thami oní-rọ́ọ̀gì nìkan ni kò ṣeé fò, nítorí ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni bàbá náà.

Ẹni bá wọ ilé Si Thami, ó di dandan kó mu tíì, kó sì tún un mu. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tú rọ́ọ̀gì sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, títí ẹnu ọ̀nà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wa ṣì jìn," Mouhsine wí.

"Ọ̀nà ibo? Jókòó jàre! Àbí ìyàwó tuntun ń dúró dè ẹ́ nílé ni?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká máa lọ, Bàbá."

"Wo ojú ẹ bí ojú ẹni tí ológbò gbé ẹran ọbẹ̀ ẹ̀ lọ! Mu tíì, kára ẹ balẹ̀."

Mouhsine rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òpònú! Bó bá sọ pé òkú wà nílẹ̀, Si Thami fúnra rẹ̀ ni ì bá tì í síta pé kó sáré lọ sìnkú. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ á dé etí ọ̀gá, ó bá gbé e mì pẹ̀lú tíì. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí wọ́n fi pèrun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún láàárín rọ́ọ̀gì.

Nígbà tí wọ́n jàjà jáde, àwọn èèyàn ti kírun tán ní mọ́sálásí. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin níwájú: "Lá iláhà illá-lláhù." Ó ní kí àwọn àlejò fẹ̀yìn ti ògiri. Abdelilah wà lára àwọn tó gbé iwájú pákó òkú. Ó wo Mouhsine, ó wo àsíá ilé iṣẹ́ tó gbé dání láti fi darí àwọn àlejò, ó sì gbójú kúrò.

Ní Fẹ́sì, ẹni tó bá pàdé òkú lọ́nà a máa bá wọn gbé e ní ìgbésẹ̀ díẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, nítorí láádá. Kò sẹ́ni tó lè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò. Mouhsine ju àsíá sílẹ̀, ó sì ki èjìká bọ abẹ́ igi pákó náà lẹ́yìn. Lalla Zhor fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Omi dà lójú rẹ̀.

"Mouhsine! Mouhsine!" Àwọn àlejò ń kígbe. Bó bá kọjá ìkóríta tó wà níwájú yìí, wọn ò ní rí i mọ́.

Ní ìkóríta náà, bàbá kan tó wà lára àwọn tó ń sìnkú fọwọ́ kàn án léjìká láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà rí káàdì afinimọ̀nà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san o, ọmọ mi. O ò mọ òkú, o ò mọ ẹbí, o tún fiṣẹ́ ẹ sílẹ̀ torí ẹ̀."

Mouhsine la ẹnu láti sọ ohun tí òkú náà jẹ́ sí òun. Abdelilah kò wẹ̀yìn.

"Àmín, Bàbá," ló wí, ó sì yọ èjìká kúrò.