Àìsàn Tí A Ò Gbọdọ̀ Sọ

“Kò sáré! Ẹ wò ó, ń ṣe ló ń rìn bí ẹni tó ń lọ kí àna!”

Ọ̀gbẹ́ni Àlímì kò yíjú padà. Ó fa fìlà òtútù rẹ̀ bo etí, ó tẹjú mọ́ orí yìnyín nísàlẹ̀, níbi tí ọmọ ogún ọdún kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pọ́ọ̀kì mọ́ Abdulrasheed ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ náà ń yí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò jìnnà sí Rasheed rárá. Igi ọwọ́ rẹ̀ lásán ì bá kàn án. Ṣùgbọ́n Rasheed dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Àwọn èrò kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Whitby, ní ilẹ̀ Canada, kì í ṣe ìlú aláriwo. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sunday nínú oṣù February, tí òtútù ò jẹ́ kí ènìyàn rí ibòmíràn lọ, inú pápá họ́kì yìí ni gbogbo wọn ń gbé ìbínú ọ̀sẹ̀ wá.

Ọkùnrin tó ń pariwo lẹ́yìn Àlímì ń jẹ́ Ṣẹ́gunfúnmi. Òun ni olórí àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́rìnlá tí wọ́n ń ti Brooklin nítòsí wá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wa kan ń gbá họ́kì fún Herons, ẹgbẹ́ ìlú Whitby. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí nílùú òyìnbó, ẹni tó bá ń sọ Yorùbá a máa rò pé òun nìkan ló wà nínú yàrá.

Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ì bá má rí Àlímì lókè níbẹ̀. Ìsàlẹ̀, níbi ìjókòó àwọn ẹbí, lòun àti Lateefat ìyàwó rẹ̀ máa ń wà. Ṣùgbọ́n Lateefat kọ̀ láàárọ̀, ó ní òun ò lè lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń bú ọmọ òun. Àlímì náà ò wá lè dá jókòó sáàárín àwọn ìyàwó àwọn agbáhọ́kì, ló bá ra ìjókòó tirẹ̀ lókè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n.

“Uncle Ṣẹ́gun, ẹ rọra,” ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ayọ̀mikún wí. “Góòlù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbá wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kò sẹ́lòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú team yìí.”

“Lọ́dún yìí ńkọ́? Mẹ́rin! Mẹ́rin péré nínú géèmù mẹ́tàdínláàádọ́ta!”

“Ó ti dàgbà ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹ ṣáà mọ̀ pé nínú họ́kì, bàbá ni.”

“Mo gbà. Bí bàbá ò bá lè gbá a wọlé mọ́, mi ò bínú. Ṣé kò lè sáré ni? Ṣé effort náà ní ọjọ́ orí ni?”

“Ṣé kì í ṣe pé ara rẹ̀ ò yá?” ni Ayọ̀mikún béèrè.

Ṣẹ́gunfúnmi rẹ́rìn-ín. “Ẹni tára rẹ̀ ò bá yá, wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹ̀ síta. Ṣé o ti rí tiẹ̀ níbẹ̀ rí? Ara ẹ̀ le koko. Ọ̀lẹ ni, ọmọ yìí. Wọn ò kọ́ ọ níṣẹ́ nílé ni.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí wọ Àlímì lára. Òun tí kò lè dá dúró lórí yìnyín, òun ló máa ń wakọ̀ gbé Rasheed nígbà ọmọdé láti Scarborough lọ síbi ìdánrawò ní aago márùn-ún ìdájí, tó ń kúnlẹ̀ so okùn bàtà olójú irin yẹn fún un, kó tó sáré gba ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ilẹ̀kùn mọ́tò lọ. Ó fẹ́ dìde. Ó fẹ́ bi Ṣẹ́gunfúnmi pé ta ló kọ́ òun náà nílé. Ṣùgbọ́n tó bá dìde, kí ni yóò sọ?

Nítorí ohun tí Ayọ̀mikún béèrè yẹn gan-an lòótọ́. Ara Rasheed kò yá.

Nínú oṣù September ni Rasheed mú ìwé dókítà wá bá wọn ní kíṣìnnì. Ohun tó wà láàárín eegun ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún ti ń jẹ tán, eegun ti ń ha eegun. Dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Rasheed ò ní lè gbá họ́kì ní gbogbo sáà náà, ṣùgbọ́n ó lè padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun máa sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ kejì.

“O ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni Àlímì wí. “Ayé kò ṣe é finú hàn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé egungun rẹ ti jẹ, wọ́n ti pa ọ́ tì nìyẹn.”

Kì í ṣe pé ó ń sọ òwe lásán. Lọ́dún 1996, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò lábẹ́ àwọn ṣọ́jà dé Toronto, ó fọkàn tán ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dun òun. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló bá nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ àìsàn láti ilé Àlímì mọ́. Kódà nígbà tí Lateefat ní kí àwọn ará mọ́sáláṣí bá wọn gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kó sọ pé ọmọ àwọn fẹ́ rìnrìn àjò ni. Wọ́n ṣàdúrà ìrìn àjò tí kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ.

Rasheed wojú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wojú ìyá rẹ̀, ó ká ìwé sápò. “Okay, Daddy,” ló wí.

Fèrè dún nísàlẹ̀. Herons ti fìdí rẹmi, góòlù márùn-ún sí ẹyọ kan. Bí àwọn èrò ti ń dìde, Ṣẹ́gunfúnmi na ọwọ́ sí báńà gígùn tí wọ́n so mọ́ irin níwájú Àlímì, èyí tí wọ́n kọ RASHEED ỌMỌ WA sí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ̀ díẹ̀. A fẹ́ tú báńà yìí. A ò tún gbé e wá mọ́.”

Àlímì gbójú sókè. Ayọ̀mikún, tó ti máa ń rí i nísàlẹ̀ níbi ìjókòó àwọn ẹbí, ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Uncle,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “Daddy Rasheed nìyí.”

Ojú ti Ṣẹ́gunfúnmi débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó kù díẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀ tán láàárín àwọn ìjókòó. “Ẹ má bínú, sà. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ìfẹ́ tá a ní sí i ló jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ báyẹn. Àbí ara rẹ̀ ò yá ni, sà? Ṣé nǹkan kan ń ṣe é?”

Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Wọ́n béèrè fúnra wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìdáhùn náà ti dé ẹnu Àlímì, ó sì gbé e mì.

“Kò sí nǹkan kan,” ló wí. “Ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

Ó yẹ̀ fún wọn, wọ́n sì tú báńà wọn.

Nínú ọkọ̀, ó jókòó de Rasheed fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí Rasheed dé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọlé, bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlòmíràn. Àlímì kò tan iná ọkọ̀.

“Ṣé ó dùn ọ́ jù lónìí?”

“I'm fine, Daddy.”

“Mo ní ṣé ó dùn ọ́?”

Rasheed gbórí lé ìjókòó, ó dijú. “Mo padà lọ rí dókítà ní Newmarket lọ́jọ́ Thursday.”

“Kí ló wí?”

“Iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣe nígbà yẹn, it's too late. Ó ní wọ́n máa yọ eegun yẹn, wọ́n á fi irin sí i. Mi ò lè gbá họ́kì mọ́ after that. I'm done. Mo kàn fẹ́ parí sáà yìí ni.”

Àlímì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó ti ń retí pé kí ọmọ náà bínú sí òun láti oṣù márùn-ún wá, ó ti pèsè ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ohùn Rasheed tutù bí ìgbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá náà, ẹ̀rù sì bà á.

“Thursday! Kí ló dé tí o ò sọ fún wa? Èmi àti màmá rẹ?”

Rasheed lajú. Ó wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Àlímì yíjú kúrò lára rẹ̀, ó wo ìta. Ó rí àwọn ará Brooklin tí wọ́n ń kọjá láàárín àwọn ọkọ̀, Ṣẹ́gunfúnmi níwájú, Ayọ̀mikún lẹ́yìn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀ sínú yìnyín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, ó di ọkọ̀ mú.

“Ẹ dúró!” ló kígbe.

Gbogbo wọn dúró. Ṣẹ́gunfúnmi tún ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. “Sà, mo ní ẹ má bínú...”

“Dìde, jàre. Irọ́ ni mo pa fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìbàdí rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Láti September, eegun tó ń ha eegun ló fi ń sáré tẹ́ ẹ ní kò sá yẹn. Ó fẹ́ sọ, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ nígbà tó ṣì ṣe é tọ́jú. Èmi ni mo ní kó má sọ.”

Ayọ̀mikún ti ń sunkún.

Àlímì gbọ́ tí gíláàsì ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé Rasheed ń gbọ́. Kò yíjú padà, nítorí tó bá rí ojú rẹ̀, kò ní lè parí rẹ̀.

“Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó kù,” ló wí. “Ẹ ní bàbá rẹ̀ ló ṣe é.”