Méje Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ

Ìgbà tí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù bá ń ké nìkan ni obìnrin náà máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Etí ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Oníbúlọ́ọ̀kù ni ọkọ náà, Bàbá sì ni gbogbo ilé ń pè é. Àgbàlá tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì mọ́ iyanrìn ló wà láàárín ilé àti ìta, àga tí Bàbá máa ń jókòó sí sì wà lẹ́nu géètì gan-an. Eku kan ò lè kọjá níbẹ̀ kí Bàbá má béèrè pé, "Níbo? Kí lo fẹ́ lọ ṣe? Ìgbà wo lo máa dé?" Tó bá wá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á nawọ́, ìyàwó á gbé fóònù lé e lọ́wọ́, á wo ẹni tó pe ìyàwó àti ẹni tí ìyàwó pè, á dá a padà. Kì í lù ú. Kì í tilẹ̀ bú u. Ó kàn máa ń wò ó ni, bí ẹni ń wo búlọ́ọ̀kù tó sán, tó ń rò ó bóyá kí òun tà á bẹ́ẹ̀ tàbí kí òun fọ́ ọ, kí òun tún un pò.

Ọ̀sán Sátidé yìí, ẹ̀rọ ń ké lọ́wọ́. Ìyàwó oníbúlọ́ọ̀kù wà nínú yàrá tí Bàbá ń pè ní ọ́fíìsì, níwájú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì, òógùn bò ó bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Ó ti tẹ àwòrán géèmù náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Lẹ́yìn náà, àpótí kékeré kan yọ, èdè òyìnbó kún inú rẹ̀, géèmù sì kú. Ó tún un tẹ̀. Ó tún kú.

Mo ti bà á jẹ́, ló ń wí nínú. Mo ti ba ẹ̀rọ Bàbá jẹ́.

Àkọ́bí rẹ̀ ló ń wá lọ sínú géèmù. Ọmọ náà ní òun ò ní bá bàbá òun ṣe búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìjà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀ láti ibi tó lọ, Bàbá já fóònù gbà létí obìnrin náà, ó sì sọ sí ọmọ ohun tí bàbá kì í sọ sí ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ sọ nọ́ńbà nù, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní tuntun. Inú géèmù kan nìkan ni wọ́n ti ń rí i, géèmù tí àwọn èèyàn láti ibi gbogbo ti ń pàdé, tí wọ́n ń kọ́ ìlú, tí wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sí pálọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni Àǹtí Wáyà, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kẹta, ti pàdé rẹ̀. Ọmọ rán an níṣẹ́ sí ìyá rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi tí òun gbaṣẹ́ sí máa gbéra ní Mọ́ńdè, kò sì ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí omi fún ìgbà pípẹ́. Òun á wà nínú géèmù lọ́sàn-án Sátidé. Bí Màmá bá lè wọlé, kí wọ́n wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá pe Àǹtí Wáyà pé kó wá gbọn eruku inú kọ̀ǹpútà, ó gbọn eruku, ó sì da géèmù sínú rẹ̀. Kò ráyè wo nǹkan mìíràn. Bàbá dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ lẹ́bàá iṣu.

Ìyá gbé fóònù sétí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, ó ń kú o."

"Ta ló ń kú, Màmá?"

"Géèmù. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣú, ó kú. Ṣé mo ti bà á jẹ́?"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹyin. Ẹ ka ohun tó wà nínú àpótí yẹn fún mi."

Kíkà ò yá. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń pè, nítorí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi èdè òyìnbó sílẹ̀ sí, kò sì padà lọ mú un. Àǹtí Wáyà gbọ́ díẹ̀, ó ní kó dúró.

"Ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn ló ń bá wí. Ó ní kò tó."

"Kò tó báwo? Àǹtí, méje ni o. Ó wà lára sítíkà ojú ẹ̀ níbí. Bàbá wọn ò jẹ́ ká gbádùn pẹ̀lú méje yẹn, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé márùn-ún ni géèmù ń béèrè."

"Márùn-ún ìran kẹjọ ni mo wí. Nọ́ńbà ojú sítíkà yẹn, ipò lásán ni, Màmá. Bí ìgbà tí wọ́n bá ní ẹnì kan jẹ́ ọ̀gá ni. A ṣì máa béèrè pé ọ̀gá ìgbà wo. Ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì láti ọjọ́ yìí, ṣé iṣẹ́ òní máa yé e? Ẹ fi máòsì sórí àwòrán kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ẹ tẹ apá ọ̀tún, kí ẹ wá mú ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá."

"Mo ti mú un. Ìwé pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ wá méje. Lẹ́yìn méje, ìlà kékeré kan wà. Lẹ́yìn ìlà yẹn, kí lẹ rí?"

Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù dákẹ́.

Gbogbo ilé dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. "Màmá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Ohùn tó wà nínú fóònù dà bí igbe. Ìyá tẹ fóònù mọ́ ikùn. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi sínú iyanrìn, ó gbọ́ ikọ́ Bàbá, ó mọ̀ láti inú ikọ́ náà pé ojú rẹ̀ kò kọ sí ọ́fíìsì. Ṣọ́bìrì ha ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ tún gbéra.

"Méjì," ló wí kíákíá. "Méjì, mẹ́fà, òdo, òdo."

Àǹtí Wáyà mí kanlẹ̀. "Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni ìran. Ìran kejì ni tiyín."

"Kò lè gbìyànjú?"

"Tó bá jẹ́ pé ìlọ́ra ni, à bá fi sùúrù lò ó. Kì í ṣe ìlọ́ra. Àwọn iṣẹ́ kan wà nínú géèmù yẹn tí wọn ò kọ́ ìran kejì rárá. Ẹni tí ò mọ̀wé, bó ti wù kó lágbára tó, ẹ ò lè ní kó kàwé fún yín."

"Ẹ bá wa pààrọ̀ ọpọlọ náà."

"Ìjókòó tó wà nínú ẹ̀ ò gbà ju ìran kẹta lọ. Àfi ká kó gbogbo inú ẹ̀ jáde." Ó dẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ìran kẹwàá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí. Ẹ máa bọ̀. Ọmọ ti wọlé. Mò ń wo orúkọ ẹ̀ báyìí."

Ìyá wo ojú fèrèsé. Ó rí ẹ̀yìn àga. Ó rí géètì. Òpópónà kẹta, ibi téèyàn lè gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ kó tó lọ, kó sì padà dé kí oúnjẹ náà má tíì tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́. Tó bá ní iyọ̀ ló tán, Bàbá á rán ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ ra iyọ̀. Tó bá ní orí ló ń fọ́ òun, Bàbá fúnra rẹ̀ á gbé oògùn wá, á dúró títí á fi gbé e mì. Kò sí irọ́ kan tí Bàbá ò tíì dúró dè ní ìkangun rẹ̀. Ó ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sínú yàrá yìí, pé òun á rí ọmọ òun láìjáde, láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn. Méje ló fi tan ara rẹ̀ jẹ.

Kò gbọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ tún dákẹ́. Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, sìmẹ́ńtì lórí ìpéǹpéjú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àǹtí Wáyà ni, Bàbá."

"Kí ló fẹ́?"

Ẹ̀rù ti gbá gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi èyí tó wọlé kẹ́yìn. "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà yìí ti gbó. Wọ́n ní ìran kejì ni."

"Ìran kí ni?" Bàbá wọlé, ó fi èékánná kan sítíkà. "Kà á fún mi."

"Méje."

"Kà á sókè."

"Méje, Bàbá."

Bàbá yọrí lójú fèrèsé, ó pe àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ wá gbọ́ o. Àǹtí Wáyà ní ẹ̀rọ mi ti darúgbó. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ méje sí lójú."

Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́nugan ló dáhùn, pẹ̀lú ṣọ́bìrì léjìká. "Bàbá, ṣebí ínṣì mẹ́sàn-án làwa náà ń pe búlọ́ọ̀kù wa. Ẹ̀yin náà sì mọ iye ínṣì tó wà níbẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyàwó, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n.

"Gbé e. Gbé e lọ bá a. Kó tú u, kó wo inú ẹ̀, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó bá rí fún mi lórí fóònù. Tí kì í bá ṣe ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kó búlọ́ọ̀kù, èmi gan-an ni ǹ bá lọ."

"Èmi?"

"Àbí ta? Ṣé àwọn tó fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù sọ́kọ̀ ni? Tí mo bá pè ẹ́, kí o gbé e."

Kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ wáyà. Ó ká gèlè lérí bí òṣùká, Abẹ́nugan bá a gbé àpótí irin náà rù. Nígbà tó dé ibi àga, àga náà ṣófo, síbẹ̀ ó dúró, bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú okùn rẹ̀ ṣe máa ń dúró ní ibi tí okùn máa ń gùn dé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan. Ó kọjá.

Ní ìta, ó ń ṣọ́ gbogbo ojú. Vọ́káníṣà tó ń fẹ́ táyà, obìnrin tó ń sá aṣọ, ọkùnrin tó kàn jókòó: ta nínú wọn ló máa sọ fún Bàbá pé ìyàwó ẹ yára rìn? Ó bá rọra rìn. Nígbà tó rò ó pé ọmọ lè ti jáde, ó tún yára. Kò lè wẹ̀yìn, nítorí ẹrù.

Àǹtí Wáyà, obìnrin kúkúrú tó fi túnàfíìsì tó fi ń tú ẹ̀rọ há etí, sọ àpótí náà kalẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó fà á jókòó, ó fi íapíìsì bọ̀ ọ́ létí.

"Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn."

Pápá kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ilé díẹ̀, ògiri kan tí kò tíì ga. Ẹnì kan ń bẹ nídìí ògiri náà, orúkọ léfòó lókè orí rẹ̀. Yorùbá ni, ó sì rí i kà. Ọmọ Oníbúlọ́ọ̀kù. Ó tún un kà.

"Òun nìyẹn?"

"Orúkọ tó sọ ara ẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé ló ń mọ fún àwọn èèyàn níbí. Ẹ sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ yín."

Ìyá ò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. "Àkọ́bí?"

Ẹni tó wà nídìí ògiri dúró. "Màmá?" Ó yíjú padà. "Ẹ ti wọlé."

"Mo wọlé."

"Ẹ̀rọ wo lẹ fi wọlé? Ti Bàbá?"

"Ti Bàbá ẹ ò gbà. Wọ́n ní ìran kejì ni."

"Méje yẹn?"

"Méje yẹn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nímú, tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti ń gbàgbé. Kò tíì parí tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láyà ìyá. Ọwọ́ obìnrin náà ti dé ibẹ̀ kó tó rò ó.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá ẹ ni. Wọ́n ní tí àwọn bá pè, kí n gbé e."

"Ẹ gbé e, Màmá. Ẹ má torí mi kó sí wàhálà."

Ó wo fóònù. Bó bá gbé e, Bàbá á béèrè, á tún béèrè, títí á fi gbọ́ ohun tí òun ò sọ. Bí kò bá gbé e, ọkọ̀ á kó búlọ́ọ̀kù tán, Bàbá á sì máa bọ̀ lọ́nà òpópónà kẹta. Ibi tó bá yà sí, ògiri ni. Ó yọ fóònù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àpótí irin tó wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n níbẹ̀, irin náà sì ń bá a gbọ̀n.

"Jẹ́ kó máa dún," ló wí. "Ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ṣé wọ́n fún ẹ láṣọ òtútù?"

"Wọ́n fún mi."

"Ó nípọn?"

"Ó nípọn, Màmá."

Fóònù dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Wáyà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fẹ̀yìn tì í.