Ìwúkàrà Ìyá Onígò

Gbogbo ayé ló ń ṣe búrẹ́dì kíkan nígbà náà. Ṣí fóònù báyìí, wàá rí ẹni tó ń gbé e jáde látinú ààrò, tó ń fi ìka lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọmọ télọ̀ kò gbẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, ìdí fíríìjì ló ń kọ́kọ́ lọ, níbi tí ìgò ìwúkàrà rẹ̀ wà. Fúláwà àti omi tó ti kan, tó ń hó, ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní fúláwà bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ sọ ọmọ náà ní Ìyá Onígò.

"Bàbá, ẹ kàn tọ́ ọ wò."

"Èmi kẹ̀? Oúnjẹ tiwa bá ti kan, dídà là ń dà á nù. Ẹ̀yin wá ń tọ́jú ẹ̀ sínú ìgò!"

Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀. Kò tọ́ ọ wò rí.

Àìsàn kan dé, tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pè ní ibà lásán, ó sì gbé e lọ. Ọmọ ló yẹ kó sin bàbá. Bàbá ló sin ọmọ. Àwọn ẹbí kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, kí bàbá má baà máa rí wọn. Wọn ò ṣí fíríìjì. Ìgbà tí télọ̀ ṣí i, ìgò wà níbẹ̀, omi dúdú ti sun sójú ìwúkàrà, òórùn rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ó pe ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, ó bi í bóyá ìwúkàrà náà ti kú.

"Kò tíì kú, bàbá. Ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ fún un ní fúláwà àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú. Télọ̀ jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, ó sunkún. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ṣe, èyí nìkan ló ṣì ń mí.

Láti ìgbà náà, kò jẹun kí ìgò tó jẹun. Ó ń kí i ní àárọ̀, ó ń ròyìn àwọn oníbàárà aláriwo fún un. Ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ló wá sọ pé, "Bàbá, ẹ fi ṣe búrẹ́dì. Inú rẹ̀ á dùn níbi tó wà." Ó fi fídíò ránṣẹ́.

Télọ̀ gbà. Ó wọn fúláwà bí ẹni ń wọn aṣọ ìyàwó. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àjákù aṣọ ṣòfò ni, nítorí náà gbogbo ìwúkàrà ló dà sí i, ó fi ìka ha inú ìgò. Ó wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìgò náà àti ìdérí rẹ̀, ó dojú wọn délẹ̀. Ohun ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dọ̀tí.

Búrẹ́dì náà wú, ó pọ́n, ó dún nígbà tí ó lù ú. Ó gé e, ó jẹ ẹ́. Ó dùn. Ó dùn débi pé ó ti ya ẹnu láti pe Ìyá Onígò kó tó rántí. Ó jẹ ju ìdajì lọ lórí ìdúró, omijé ń dà sí i, kó tó pe ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ó mà dùn o!"

"Mo sọ fún yín! Èyí tí ẹ ṣẹ́ kù sínú ìgò ńkọ́? Ẹ ti fún un lóúnjẹ?"

Télọ̀ wo ìgò tó dojú délẹ̀. "Ṣé wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ kù ni?"

Ọmọbìnrin náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ó ṣe òmíràn. Fúláwà àti omi náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," télọ̀ dáhùn. "Fúláwà àti omi náà ni."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ti ìka bọ ìgò; ó gbẹ, òórùn ọṣẹ nìkan ló kù níbẹ̀. Búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù wà lórí tábìlì. Bó bá jẹ ẹ́, ó tán. Bó bá fi í sílẹ̀, yóò bu. Ó fa àga, ó jókòó tì í, bó ṣe jókòó ti ọmọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, kò sì sí ohun tó lè ṣe.