Nọ́ńbà Àná

Ohun tí Morádéún ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó ń ṣe é nìyẹn, ohun tó sì ń dunni jù níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Àpápá. Lágogo mẹ́fà òwúrọ̀, á wo baromítà, agogo tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó hàn, á sì fi tẹlifóònù ka nọ́ńbà rẹ̀ fún ọ́fíìsì àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí tirela bá dí ọ̀nà pa tí kò sì tètè rí ọ̀nà kúrò nílé rẹ̀ ní Amúkòkò, á yà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ní tẹlifóònù, á ka nọ́ńbà àná fún wọn. Ta ni kì í ṣe é? Ọ̀gá Adékànmí tó ń gba nọ́ńbà ọ̀hún mọ àwọn tó ń kà á dénú. Á ní, "Morádéún, o wo agogo yìí ni, àbí orí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń bá mi sọ̀rọ̀?" Á rẹ́rìn-ín, á yọjú lójú fèrèsé wo sánmà fúnra rẹ̀, á sì dúró dè é títí á fi dé ibiṣẹ́ ka nọ́ńbà tòótọ́ fún un.

Ìgbà tó di ọdún 1992, ìjọba náwó gidi, wọ́n ra kọ̀ǹpútà ńlá fún iṣẹ́ náà. Sójà fọn fèrè, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ní ìjì ò ní bá ọlọ́kọ̀ ojú omi lójijì mọ́. Wọn ò kúkú parọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, kọ̀ǹpútà ò tàsé. Morádéún fúnra rẹ̀ ló ń polówó rẹ̀ ní èbúté Marine Beach. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Diepreye, tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé àwọn tó ń já ẹrù lọ sínú ọkọ̀ ńlá tó dúró lójú òkun. Níyìọlá, ọkọ Morádéún, wà lára wọn. Tẹ́lẹ̀, Diepreye á kọ́kọ́ wo sánmà kó tó ṣí. Morádéún ló ní kó yé da ara rẹ̀ láàmú. "Rédíò ni kí o máa gbọ́, jàre. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Kì í parọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní kí Ọ̀gá Adékànmí lọ sinmi nílé, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ògiri ibiṣẹ́ Morádéún: ẹni tó bá fi nọ́ńbà irọ́ ránṣẹ́, iṣẹ́ bọ́, ẹ̀wọ̀n dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, tirela dí ọ̀nà pa, Morádéún sì ka nọ́ńbà àná lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ọmọbìnrin tó gbà á ní ọ́fíìsì ò kí i, kò bi í ní nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìgbà tí Morádéún dé ibiṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀, abẹ́rẹ́ agogo náà ti wálẹ̀ dé ibi tí kò rí i rí láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìjì ńlá ló ń bọ̀. Rédíò mẹ́gáàdì ń sọ lọ́wọ́ pé kọ̀ǹpútà ní òkun á parọ́rọ́ títí di alẹ́. Ó gbé fóònù. Kí ló fẹ́ wí? Ó wo ìwé ara ògiri, ó gbé e padà. Ìgbà náà ló wá rántí: Níyìọlá! Aago mẹ́jọ ni ọkọ̀ Diepreye ń ṣí.

Ó sáré, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún nígbà tó dé Marine Beach, ọkùnrin mọ́kànlá ti jókòó. Morádéún la ẹnu láti jẹ́wọ́. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló rí, ó sì rí Peculiar, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, láìsí ìyá. Ó kígbe sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Peculiar, ẹ sọ̀kalẹ̀! Gìrì ti gbé ọmọ!"

Níyìọlá bẹ́ sínú omi, ó wọ́ ara rẹ̀ gòkè. Akpevwe, ìyàwó Diepreye, tó ń ta búrẹ́dì létí omi, ń pariwo Jésù. Diepreye kí wọn pẹ̀lẹ́. Ó wá yíjú sí Morádéún.

"Madam, computer say sea go calm today, abi?"

Háà, Morádéún! Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ ṣí.

Kò tíì tó aago mọ́kànlá tí ìjì fi dé, tó ń ká páànù Amúkòkò bí ẹni ń ká ẹní. Nínú yàrá, Níyìọlá di ọmọ mú. Kò sí gìrì, ara ọmọ ò gbóná, okùn ló ń fò nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé. Níyìọlá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"O mọ̀?"

Morádéún sún abọ́ síbi tí òrùlé ti ń jò. Níyìọlá gbé ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Akpevwe wá sílé wọn. Kẹ́ẹ̀gì epo Diepreye nìkan ni omi gbé padà. Akpevwe di ọsàn mẹ́rin sínú ọ̀rá dúdú.

"Mama Peculiar, ẹ bá mi bi kọ̀ǹpútà yín, ibo ni omi gbé ọkọ mi gbà?" Ó nu ojú. "Mi ò bínú sí yín o. Ọlọ́run ló fi àìsàn ọmọ yẹn yọ bàbá rẹ̀. Mo ní kí n mú ọsàn wá fún un. Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Níyìọlá dìde, ó jáde. Lẹ́yìn ilé, Peculiar ń fo okùn, ó ń kà á sókè.

Morádéún gba ọsàn náà. "Ara rẹ̀ ti ń yá," ló wí.