Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Ìparí

Ilé sinimá ni mo ti ń gbálẹ̀, ọdún kẹsàn-án rèé. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí ni pé bí fíìmù bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, a ó rọra wọlé, a ó dúró lẹ́yìn nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti àpò ìdọ̀tí, kí iná ṣáà tàn ká bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kò sí fíìmù tí n kò mọ ìparí rẹ̀, kò sì sí èyí tí mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó dé lóṣù yẹn ló wá le. Bàbá arúgbó kan á ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó, ọmọ rẹ̀ obìnrin á dì í lọ́wọ́ mú lọ sínú ọkọ̀. Ó parí. Ẹkún á wá sọ, àgbà ọkùnrin á máa fa imú. Mo ń ṣa tíṣù tútù lábẹ́ àga, mo ń bi ara mi pé kí ló dé. Ilẹ̀kùn ṣáà ni wọ́n tì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, omi ò bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí wọ́n fi wá àga fún un kó jókòó. Nígbà tó nujú tán, ó wò mí, ó ní, "Òkúta ló wà láyà rẹ." Láti ọjọ́ náà, oṣù méje, kò gbé fóònù mi mọ́. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin wẹ bàbá, tí mo ń fọ aṣọ rẹ̀, tí mo ń bá a jà nítorí oògùn. Òun tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun ló lómijé. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ń bà mí, torí mo ti ń rò ó pé bóyá òótọ́ ló sọ.

Mo bi Bàbá Tọ́ọ̀ṣì, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bó bá ń wo abẹ́ àga.

"Bàbá, ẹ̀yin náà kì í sunkún sí fíìmù yìí. Kí ló dé?"

"Èmi tí mo di ìgbálẹ̀ mú? Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi nujú?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o tiẹ̀ ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ rí?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè?"

"O kì í ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Wá jókòó bí èèyàn."

Mo lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe; mo ti ṣa bébà kan nílẹ̀ kí n tó rántí ara mi. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí bàbá inú fíìmù náà fi tu oògùn rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó, tó nu ẹnu bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tèmi, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń kó tiẹ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni mo gbé ìrọ̀rí náà, mo bá oògùn mọ́kànlá níbẹ̀, mo sì gbá wọn mọ́ eruku dànù, nítorí àlejò ń bọ̀, n kò sì tíì to àga.

Orí àga sinimá yẹn ni mo ti bú sẹ́kún. Èmi ni mo gbálẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú náà, èmi ni mo to àga, èmi ni mo fọ abọ́ nígbà tí wọ́n lọ tán. Ẹnì kan ò ní kí n jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí ní sinimá láti rí omijé mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò fẹ́ kó rí i.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Irọ́ ni o. N kò rí ìparí fíìmù náà.

Iná tàn, àwọn èèyàn jáde, mo sì gbọ́ ìgbálẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n bá yín gbá a."

Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ti gbálẹ̀ dé ìlà àga mi. Ó wo ojú mi, ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì.

"Jókòó," ló wí. "Ibi tó o wà yẹn ni n ó gbá kẹ́yìn."