Ìdánwò Tí Wọ́n Ní Kí Àwa Òbí Ṣe

Bàbá Mojí, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Àwa òbí péjọ síléèwé Mojí, tíṣà ń ṣàlàyé ìdánwò kan tó jẹ́ pé tí ọmọ bá yege nínú rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti ọdún kejì. Mo ní, "Tíṣà, kò yé mi." Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é, màmá." Ni bébà ìdáhùn bá fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ojú roboto tí ọmọ máa ń fi pẹ́ńsù kùn láti mú ìdáhùn wá tóbi bíi kànga, gbogbo wa kúnlẹ̀, à ń fi èédú kùn ún. Mo ti kun ọ̀kan dé ìdajì kí n tó rí Mojí tó dúró nínú rẹ̀, ó ti dúdú dé ọrùn. Ó pariwo, "Màmá mi, ìdáhùn yẹn kọ́!" Mo wá ìrésà tí mo máa fi pa á rẹ́ títí, mi ò rí. Tíṣà ní àkókò ti tó, mo bá ta jí.