Àgbo Sẹ́lẹ́rì

Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òǹdó, tí ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, Gbọ́láhàn wà lára wọn. Ilé ṣọ̀wọ́n l'Ádó nígbà náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ há mọ́ inú yàrá kan, ó sì fi Motọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Èmùré, lọ́dọ̀ Títílọlá, ẹ̀gbọ́n Gbọ́láhàn obìnrin. Tíṣà ni Motọ́láyọ̀. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ oṣù keje.

Títílọlá ti gbé ní Jọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó padà wálé. Ibẹ̀ ló ti mọ sẹ́lẹ́rì, ewé olóòórùn kan tí wọ́n ń gbìn tà fún àwọn òyìnbó. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sọ fún un pé kò burú kó máa jẹ ẹ́, bí kò bá ṣáà ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se irúgbìn rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ bá wú, kí omi ara lè bá ìtọ̀ jáde.

Ẹsẹ̀ Motọ́láyọ̀ wú. Ojú rẹ̀ náà wú. Ní ilé ìwòsàn Èmùré, Nọ́ọ̀sì Adéwùnmí wọn ìfúnpá rẹ̀, ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ojú nọ́ọ̀sì yí padà.

"Tíṣà, ẹ má sùn nílé o. Ọsibítù Adó ni kẹ́ ẹ gbà lọ lónìí."

Ọsibítù yẹn ni ọ̀rẹ́ Motọ́láyọ̀ kan kú sí. Ẹ̀rù bà á. Nígbà tó délé, ó rọra jókòó, ó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí, ó ń sunkún.

"Ìyàwó mi, dákẹ́," ni Títílọlá wí. "Dúró sí ulé. Omi lásán ni. Màá lé e jáde."

Ó se irúgbìn sẹ́lẹ́rì tó kó bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, Motọ́láyọ̀ mu omi rẹ̀. Ó tọ̀, ó tún tọ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jò, bàtà rẹ̀ wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n dìde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Motọ́láyọ̀ ní, "Àǹtí, orí ń fọ́ mi. Mò ń rí bí iná tó ń ṣẹ́jú."

"Oòrùn ni. Lọ sùn díẹ̀."

Orí ibùsùn ni gìrì ti mú un. Eyín rẹ̀ wa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bánjọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlẹ́rù rẹ̀, ó kọrí sí Adó. Gìrì náà tún dé kí wọ́n tó kọjá Ìkẹ́rẹ́. Títílọlá gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń pe orúkọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ké. Ìyá rẹ̀ kò jí mọ́.

Títílọlá kò pa irọ́. Ìṣojú Gbọ́láhàn ló ti sọ fún dókítà ohun tó sè.

"Ìyá, àgbo yín kọ́ ló pa á," ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wíwú yẹn ni ìbá lé e wá bá wa. Ẹ̀yin lé wíwú, ẹ fi àìsàn sílẹ̀."

Gbọ́láhàn kò bú u. Ó kàn jáde síta, ó lọ kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ọmọ náà lókun díẹ̀, Gbọ́láhàn gbé e lọ sí Ìsẹ̀ fún Christiana, ìyá Motọ́láyọ̀. Títílọlá tẹ̀ lé wọn lọ láì jẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó dúró sí àgbàlá. Christiana ló jáde wá bá a, ó fún un ní àpótí láti jókòó.

"Ṣé ó pè mí," ni ìyá náà bi í, "nínú ọkọ̀ yẹn?"

Títílọlá wo ilẹ̀. Irọ́ kan wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Mà."

Christiana mi orí. Ó padà wọlé lọ bá ọmọ tó ń ké, ó sì ti ilẹ̀kùn.